Àrà inú fíìmù: èwo la lè dán wò nílé ìwé tí ọmọ ẹnikẹ́ni kò fi ní ṣèṣe?

Tíṣà Mọ́rẹ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ifẹ̀, àti ẹ̀yin ará Iléṣà tẹ́ ẹ wà níbí. Tíṣà físíìsì ni mí, ilé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú Ifẹ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS2. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo bá ọmọkùnrin kan lórí bákónì òkè ilé ìwé wa, agbòjò bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́fà wà nísàlẹ̀ tí wọ́n gbé fóònù sókè. Ó ti gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá irin. Mo pè é lórúkọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá pariwo yóò já. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ mi gbọ̀n títí dalẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí mo bi í, ó ní òun rí ẹni tó fi agbòjò bẹ́ sílẹ̀ láti òkè nínú fíìmù ni, òun sì fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi nínú. Ọ̀nà tó fẹ́ gbà wá ìdáhùn rẹ̀ ló já mi láyà. Mi ò nà án. Mo sọ fún gbogbo kíláàsì pé a ó jọ dán àwọn àrà yẹn wò, ṣùgbọ́n ẹ̀dá alààyè kankan kò ní sí níbẹ̀: iṣu, ẹyin àti àpò yanrìn la ó fi ṣe ènìyàn. Ọ̀gá ilé ìwé ti fọwọ́ sí i. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí: àrà wo ló yẹ ká dán wò, báwo la ó sì ṣe ṣe é tí ohun tí àwọn ọmọ yóò rí kò fi ní ṣì wọ́n lọ́nà?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọgbà

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. OAU ni mo wà, ẹ̀ka físíìsì. Ọ̀nà tẹ́ ẹ fẹ́ tọ̀ yìí, àwọn kan ti là á. Ní Amẹ́ríkà, Adam Savage àti Jamie Hyneman bẹ̀rẹ̀ ètò MythBusters lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2003, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi ń dán àrà fíìmù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ère tí wọ́n fi ń dán ìjàǹbá ọkọ̀ wò ni wọ́n máa ń fi ṣe ènìyàn, wọ́n sọ ọ́ ní Buster. Wọ́n yìnbọn lu táǹkì epo mọ́tò, kò bú gbàmù bí ti fíìmù. Wọ́n yìnbọn sínú omi, ọta ìbọn ńlá tó ń sáré jù fọ́ wẹ́wẹ́ kó tó rìn ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, ọta ìbọn kékeré tí kò sáré tó o ló wọ inú omi jù ú lọ. Ẹni tí kò dán an wò, òdìkejì rẹ̀ ni yóò rò.

Ìmọ̀ràn tèmi: ẹ fi ohun tí ọmọ Ifẹ̀ mọ̀ ṣe ìwọ̀n. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ga tó mítà 5.5. Ohun tó bá já láti orí rẹ̀ yóò kanlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ó lé díẹ̀, eré rẹ̀ á sì ti tó kìlómítà 37 ní wákàtí kan. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ sídìí ọ̀pá náà, ẹ ní kí wọ́n gbójú sókè wò ó, kí ẹ wá sọ fún wọn pé ẹni tó bá bọ́ láti orí rẹ̀, bíi pé ọkọ̀ tó ń sáré 37 ló gbá a ni.

Ìyá Ìbejì Ìlárẹ́

Tíṣà, Ọlọ́run yóò bá yín tọ́ tiyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fò rárá, ì báà ṣe láti orí àga.

Kẹ́hìndé mi fò láti orí fẹ́ǹsì kan sí èkejì nígbà ìsinmi ọdún tó kọjá, ó ní òun ń ṣe bí àwọn tó ń fò láti òrùlé dé òrùlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ fẹ́ǹsì kejì, ọwọ́ ló fi kanlẹ̀. Ọrùn ọwọ́ náà tẹ̀ bí ìdí ṣíbí. Àwọn ẹbí ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun. Bàbá náà fi pákó dì í, ó fún okùn rẹ̀ pinpin. Lóru ọjọ́ kejì, ọmọ ń sunkún pé òun ò mọ ìka òun mọ́. Mo tan iná fóònù sí i: ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń dúdú, wọ́n tutù bí ẹja inú yìnyín. Èmi fúnra mi ni mo fi abẹ gé okùn yẹn, a sì ti dé ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n ní ká ní ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, gígé ni wọn ìbá gé e. Ó ti san báyìí, àmọ́ títí dòní kò lè fi ọwọ́ yẹn gbé korobá omi.

Nọ́ọ̀sì Sábó

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Okùn tẹ́ ẹ gé lóru yẹn ló gba ọwọ́ rẹ̀ là.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé wa. Tí wọ́n bá di apá tàbí ẹsẹ̀ ọmọ, tí ìka bá tutù, tó yí àwọ̀ padà, tó kú tipiri, tàbí tí ìrora ń pọ̀ sí i dípò kó máa lọ sílẹ̀, ẹ tú u, kí ẹ sì forí lé ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi òróró fà á, ẹ má nà án. Ọmọ tó já tó ní ọrùn ń dun òun, tàbí tí kò mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, ẹ má gbé e sórí ọ̀kadà láéláé. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ síbi tó wà, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú kó má mì, títí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n gbé yóò fi dé. Èyí tó fi orí kanlẹ̀, tó wá ń bì tàbí tí oorun ń kùn ún lójijì, ẹ má ní kó lọ sùn kó lè sinmi.

Tíṣà, ẹ kọ nọ́ńbà ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín sára pátákó kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun.

Ọmọ Ọ̀bọkun

Ẹ kú o, ará Ifẹ̀. Iléṣà ni mo wà, wẹ́dà ni mí. Mo ti bá àwọn tó ń ya fíìmù ṣe irin lágbègbè wa lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì rí ohun tí kámẹ́rà kì í jẹ́ ká rí. Páálí ni. Páálí òfìfo, tí wọ́n tò ní ìpele ìpele, tí wọ́n tẹ́ fóòmù lé lórí. Tí ènìyàn bá já sí i, páálí á máa wó tẹ̀ léra wọn, ara á sì máa dúró díẹ̀díẹ̀. Orí kọnkéré ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ara dúró, ibẹ̀ ni eegun ti ń dá. Nítorí náà, Tíṣà, ìbéèrè tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi kọ́ wọn ni pé: kí ló wà nísàlẹ̀? Gbogbo àrà tí wọ́n bá rí, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ìyẹn.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí jù láyé gan-an, wọn kì í fọwọ́ lẹ́rán. Nínú fíìmù James Bond ti 1974, ọkọ̀ kan fò kọjá odò, ó sì yí po lẹ́ẹ̀kan lójú òfuurufú kó tó balẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣírò ìwúwo ọkọ̀, eré rẹ̀ àti bí pákó tí yóò gbà fò ṣe máa rí, lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú Casino Royale ti 2006, ọkọ̀ kan gbókìtì lẹ́ẹ̀méje. Ọkọ̀ yẹn kọ̀ láti dà nù nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú, àfi ìgbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ alágbára sábẹ́ rẹ̀ láti tì í dà nù. Jackie Chan tí àwọn ọmọ wa fẹ́ràn, ó bọ́ lórí igi ní Yugoslavia níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù rẹ̀ kan tó jáde ní 1986, eegun orí rẹ̀ fọ́, iṣẹ́ abẹ ló gbà á. Akọni ni, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà níbẹ̀, síbẹ̀ ó fọ́.

Mo fẹ́ fi èyí kún un fún àwọn ọmọ ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kó wọn lọ wo omi Olúmìrìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ẹ ṣọ́ wọn dáadáa. Nínú fíìmù, òṣèré á bẹ́ láti orí omi tó ń já, á yọrí nísàlẹ̀, á máa wẹ̀ lọ. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì, pákó tó ga jù tí wọ́n ń bẹ́ sómi láti orí rẹ̀ jẹ́ mítà 10, omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì máa ń jinlẹ̀ tó mítà 5, kò sí òkúta kankan níbẹ̀. Ní Olúmìrìn, omi tí à ń dúró sí ya fọ́tò, orúnkún ló ń mu wá dé, àpáta ló sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Tíṣà Mọ́rẹ̀

Ẹ ṣeun púpọ̀. A ti ṣe ti agbòjò lánàá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà sí wa lọ́wọ́.

Bákónì òkè wa ga ní mítà 4.2, tépù la fi wọ̀n ọ́n. A jọ̀wọ́ iṣu kékeré kan sílẹ̀ lásán, kìlò kan ni. Ó kanlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 0.9, ó là sí méjì, funfun rẹ̀ ta sí bàtà ọmọ tó ń ya fídíò. A so iṣu kejì tó jẹ́ ìwọ̀n kan náà mọ́ ọwọ́ agbòjò, a jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó rọra ń bọ̀, ó ń yí díẹ̀díẹ̀, 1.3 ló gbà á. Èèpo rẹ̀ nìkan ló bó.

Àwọn ọmọ pariwo! "Tíṣà, ó ṣiṣẹ́! Ó ṣiṣẹ́!" Ọmọ ọjọ́sí yẹn ló sì ń fò sókè jù. Ara mi tutù. Mo rí i pé bí a bá tú ká báyìí, èmi gan-an ni mo ti kọ́ wọn pé kí wọ́n fò. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ ìdáhùn sínú ìwé, pé iṣẹ́ kò tíì parí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọgbà

Sà, ẹ ṣe é re bẹ́ ẹ ṣe dá wọn dúró. Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ nínú irú ìdánwò báyìí nìyí: iṣu kìlò kan kọ́ ni ọmọ. Ọmọ tó bá wúwo tó kìlò 35, kó tó lè rọra balẹ̀ bí iṣu yẹn, agbòjò tó fẹ̀ tó 35 irú èyí tẹ́ ẹ lò ni yóò nílò. Oríṣi páráṣúùtì roboto kan tí àwọn ọmọ ogun ń lò ń fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 28 láti etí kan dé èkejì. Tí agbòjò kan bá fẹ̀ tó mítà kan, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ó ju agbòjò 70 lọ. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn náà, wọ́n ṣì ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa ká ara kò tí wọ́n bá kanlẹ̀.

Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú ìwúwo ọmọ gan-an. Ìwúwo gidi, gíga gidi. Tí ọ̀kan nínú méjèèjì bá kéré, ìdáhùn ti yí padà nìyẹn.

Ọmọ Ọdẹ Ìlódè

Ọdẹ ni bàbá mi, mo sì ti ń bá wọn wọ igbó láti kékeré. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìbọn. Nínú fíìmù, wọ́n á yìnbọn lu ènìyàn, á fò sẹ́yìn, á fẹ̀yìn fọ́ fèrèsé. Kò sí ohun tó jọ ọ́. Ẹtu ò wúwo tó ènìyàn rárá, síbẹ̀ tí ọta bá bà á, ojú ibi tó dúró sí ló ń ṣubú sí, tàbí kó sáré wọgbó ká máa tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ. Mi ò rí èyí tó fò sẹ́yìn rí. Ẹni tó yìn ín ló máa ń mọ agbára rẹ̀ ní èjìká. Bí agbára yẹn bá tó gbé ẹni tó bà fò, ọdẹ náà ì bá ti fò.

Nǹkan kan wà tó ń dùn mí ju èyí lọ. Ọmọ tó ń wo fíìmù ilé wa, tó rí i tí wọ́n yìnbọn lu ẹni tó gbé ayẹta wọ̀, tí ọta ń já sílẹ̀ wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀, ẹ jókòó tì í kẹ́ ẹ sọ fún un pé ìbọn yẹn kò ní ọta nínú. A ti sin àwọn ọ̀dọ́ tó dán ayẹta wò lára ara wọn nílẹ̀ yìí, ọwọ́ ọ̀rẹ́ wọn ni ìbọn náà sì wà. Tíṣà, èyí kò sí lára ohun tí ẹ ó dán wò, kódà lára adìyẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọgbà

Òótọ́ ni Ẹ̀gbọ́n sọ, ìṣirò sì gbè wọ́n. Ọta gíráàmù 8 tó ń sáré mítà 360 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó bá wọ ara ẹni tó wúwo tó kìlò 70 tó sì há síbẹ̀, eré tó lè fún un kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbín nìkan ni ìyẹn yára jù. Okùn ni wọ́n fi ń fa òṣèré sẹ́yìn. Ìbọn tí kò ní ọta náà kì í ṣe ohun ìṣeré, ẹ̀tù ṣì wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì súnmọ́ ọn jù lè kú. Níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù ni òṣèré Brandon Lee ti kú ní 1993, nǹkan tó ti há sínú ìbọn láti ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó ni ẹ̀tù tì jáde lù ú.

Ọlọ́kadà Lágéré

Ẹ bá mi sọ ti àwọn tó ń bẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà. Mo gbé ọmọ kan láti Mayfair, n kò tíì dúró, ó ti bẹ́. Ó sá ìgbésẹ̀ méjì, ẹ̀ẹ̀kẹta ló dojú bolẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó débi tí yanrìn wọ ẹran. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, mo sì bẹ̀ wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi kọ́ ni mo ní kó bẹ́. N ò sì tíì sáré rárá o, mo ti ń tẹ bíréèkì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọgbà

Bàbá, ẹ kú ewu. Ẹni tó bẹ́ lórí ọ̀kadà tó ń sáré kìlómítà 40 ní wákàtí kan, tó wá fi orí gbá òpó iná, bíi pé ó já láti mítà 6.3 ni. Ìyẹn ga ju Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn.

Ìyá Kéèkì Parakin

Èyí tí èmi lè ṣe fún yín ni gíláàsì. Ṣúgà ni wọ́n fi ń ṣe gíláàsì tí òṣèré ń fi ara fọ́ láyé àtijọ́, oríṣi ike kan tó ń fọ́ wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń lò jù báyìí. Ẹ ó se ṣúgà àti omi títí tí yóò fi gbóná tó nǹkan bí 150 lórí ìwọ̀n Celsius, ẹ ó dà á sínú àwo pẹrẹsẹ tí ẹ ti fi òróró pa. Tí ẹ ò bá ní ohun tí wọ́n fi ń wọn gbígbóná, ẹ kán díẹ̀ sínú omi tútù. Bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ tó dún káú, ó ti jinná. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan súnmọ́ ìkòkò yẹn. Omi gbígbóná á ṣàn kúrò lára, ṣúgà gbígbóná á lẹ̀ mọ́ ọn ni, á máa jó o lọ. Èmi ni n ó sè é, n ó gbé e wá fún yín. Ọjọ́ tí mo bá sè é náà ni kẹ́ ẹ fọ́ ọ, torí nígbà òjò báyìí, kó tó di ọjọ́ kejì ó ti rọ̀, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́.

Ẹ kàn bá mi so àfọ́kù gíláàsì fèrèsé gidi mọ́ inú ọ̀rá, kẹ́ ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n fojú rí etí méjèèjì.

Tíṣà Mọ́rẹ̀

Ẹ ṣeun, Ìyá Kéèkì. Mo ti sọ fún ọ̀gá wa.

A tún ti agbòjò ṣe lónìí. Àpò ìrẹsì la bu yanrìn sí, a gbé e lọ sórí ìwọ̀n àwọn tó ń ra kòkó lẹ́yìn ilé ìwé wa, a bù ú títí tó fi jẹ́ kìlò 35 gẹ́lẹ́. Tíṣà mẹ́ta la gbé e gòkè. Mo fi okùn yí ilẹ̀ po, gbogbo ọmọ dúró lẹ́yìn okùn. A so ó mọ́ agbòjò tuntun, a jọ̀wọ́ rẹ̀.

0.9. Bíi ti iṣu tí kò ní agbòjò. Kó tó dé ìdajì, agbòjò ti yí padà, gbogbo irin rẹ̀ tẹ̀ sókè. Àpò náà bẹ́, ó gbẹ́ kòtò tó gba àtẹ́lẹwọ́ mi. Ẹnikẹ́ni ò pariwo. Ọmọ ọjọ́sí yẹn rìn lọ síbẹ̀ nígbà tí mo ká okùn, ó gbé agbòjò náà, ó ń fi ọwọ́ kan irin rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbìyànjú láti tẹ̀ wọ́n padà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó wá ní, "Tíṣà, ṣé mo lè mú un lọ ilé? Àbúrò mi náà wo fíìmù yẹn." Mo ní kó máa mú un lọ.

Ọmọ Ọ̀bọkun, ti páálí tẹ́ ẹ sọ ló kàn. Ó tó bí páálí mélòó?

Ọmọ Ọ̀bọkun

Ẹ wá èyí tó máa ga tó mítà kan lápapọ̀, páálí Indomie dára. Ẹ má di inú wọn, òfìfo ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi okùn gba gbogbo rẹ̀ lábàdí kó má baà fọ́n ká. Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ju ẹyin sí i, kẹ́ ẹ tó ju àpò. Tó bá jẹ́ mítà 4.2 yẹn náà, àpò tó dúró díẹ̀díẹ̀ láàárín mítà kan, ìnira tó bá a yóò tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ìwúwo rẹ̀. Èyí tó dúró láàárín sẹ̀ǹtímítà 5 lórí ilẹ̀ líle, ó ju ìlọ́po 80 lọ. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ sì sọ fún wọn pé àwọn tó ń ṣe é níṣẹ́ máa ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn balẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó gba owó lórí rẹ̀. Páálí kì í ṣe ìwé àṣẹ.

Ìyá Ìbejì Ìlárẹ́

Tíṣà, mo ka gbogbo rẹ̀ sétí Kẹ́hìndé. Ó ní òun fẹ́ wá. Kì í ṣe ilé ìwé yín ló ń lọ, ṣé ẹ lè gbà á?

Tíṣà Mọ́rẹ̀

Ẹ mú un wá, Mọ̀mọ́. Òun ni yóò máa di aago mú, kó sì máa ka ìṣẹ́jú àáyá sókè fún wọn. Àárọ̀ Sátidé ni, agogo mẹ́wàá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ọjà ní Mọ́rẹ̀ àti Lágéré, páálí 40 la ṣì ń wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun wọ́n.